Kọfí Tí Mi Ò Mu Nílé Gunborg

Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: èmi Folke ni mo lé Gunborg kúrò nílé rẹ̀. Mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mi ò sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkánjú mi ló lé e.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun àti Sixten fi jọ gbé nínú ilé pupa tó wà létí adágún. Ilé bàbá Sixten ni. Wọn kò ṣègbéyàwó. Lábúlé wa, ta ló tún ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí ìyẹn? Sixten ti níyàwó kan rí, ó sì máa ń sọ pé ìyẹn ti kó ìdajì màlúù òun lọ, pé èyí tó kù kò tó pín mọ́. Gbogbo wa gbà pé bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jọ gbélé pẹ́ títí, òfin á kà wọ́n sí tọkọtaya. Irọ́ gbuu ni. Nígbà tí àìsàn dá Sixten dùbúlẹ̀, akọ̀wé báńkì kan ló là á yé e pé bó bá kú láìkọ ìwé sílẹ̀, Stellan, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún un, ni yóò jogún ilé. Gunborg kò ní ẹ̀tọ́ láti sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀.

Ó bá kọ ìwé ìhágún: kí Gunborg máa gbé ilé náà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, kó tó kan Stellan. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń béèrè, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ìwé bá ń fọwọ́ sí i. Èmi ni wọ́n pè, èmi àti Evert tí a jọ ń ṣọdẹ.

Sixten fẹ́ parí rẹ̀ kó tó wọ ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ tó dá fún ìfọwọ́sí náà sì bọ́ sí ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín ńlá. Lọ́jọ́ yẹn, bí ìyá ẹni bá fẹ́ kú, a ó bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù di Sátidé. Èmi ni olórí ọdẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kálukú gbọ́dọ̀ ti wà níbùba rẹ̀.

Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo wọlé. Sixten fọwọ́ sí ìwé, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Evert kò tíì dé. Ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò ṣíná.

Gunborg ti gbé ife sílẹ̀. "Jókòó, Folke. Kó o tó mu kọfí yìí tán, Evert á dé."

"Kọfí di ìrọ̀lẹ́," mo ní. "Àgbọ̀nrín kì í dúró de kọfí."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ ni."

"Gunborg, ta ló máa béèrè? Àbí àgbọ̀nrín ló máa lọ rojọ́? Bí Evert bá dé lálẹ́, kó fọwọ́ sí tiẹ̀. Ìwé ṣáà ni."

Sixten rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Jẹ́ kó máa lọ, jàre. Kò sẹ́ni tó jáde nílé yìí láìmu kọfí rí. Òun ló máa kọ́kọ́ ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Kódà bó jẹ́ àáké lo wá yá, ife á ti wà níwájú rẹ kó o tó rójú jókòó. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìbọn yìn, síbẹ̀ mo jáde.

Evert pa akọ àgbọ̀nrín kan ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ọdẹ. Lálẹ́, ó yà sọ́dọ̀ Sixten, ó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Sixten kú kí yìnyín orí adágún tó yọ́.

Stellan kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn rí àbààwọ́n náà lára ìwé, ó sì bi Evert níbi tí a ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìnkú pé kí ni. Evert tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ akọ tí mo pa lọ́jọ́ náà ni! Mi ò tíì fọ ọwọ́ mi nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i."

Stellan yíjú sí mi. "Folke, ṣé ẹ̀yin náà ti oko ọdẹ dé nígbà yẹn ni?"

Mo ki kéèkì bọnu kí n má baà fèsì. Kò pẹ́, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù.

Evert wá bá mi. "Ohun tó o bá sọ ni màá sọ. A lè sọ pé adìyẹ ni mo pa láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Evert, ìwọ tí o ò sin adìyẹ rí láyé ẹ?"

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Gunborg náà wá. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, kò wọlé.

"Mi ò ní kó o purọ́ o, Folke. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gbin pòtétò lọ́dún yìí."

"Gbìn ín," mo ní.

Ó lọ gbìn ín.

Ní kóòtù, wọ́n ní kí n búra, mo búra. Lọ́yà Stellan béèrè pé, "Nígbà tí Sixten ń fọwọ́ sí ìwé, ṣé ẹ̀yin àti Evert jọ wà níbẹ̀?" Gunborg wọ aṣọ dúdú tó wọ̀ níbi ìsìnkú, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ ìwé ọdẹ, mi ò kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀ rí. Mo lanu, "Rárá" ló jáde. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, tàbí ẹ̀rù ló bà mí.

Ìwé ìhágún di bébà lásán. Pòtétò ti yọ ewé nígbà tí Gunborg kó jáde lọ sí yàrá kan nílùú, ní àjà kẹta, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Stellan ta ilé fún àwọn ará Stockholm tó máa ń wá sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìgbà ọdẹ tún dé. Bí ilẹ̀ ẹni bá ṣe tó nínú igbó la fi ń pín ẹran, nítorí náà ìpín ilẹ̀ Sixten di ti àwọn ará Stockholm yẹn, tí wọn kì í tilẹ̀ jẹ ẹran. Mo gbé èyí tó dáa jù nínú tèmi lọ fún Gunborg. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Folke."

"Ẹran ni mo gbé wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "O ṣé."

Òórùn kọfí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí ìkòkò àtijọ́ náà lórí sítóòfù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà mi kí n lè wọlé.

"Pòtétò yẹn ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé wọ́n wà á?"

"Wọn ò wà á. Ó jẹrà sínú ilẹ̀."

Ó mi orí. "Rọra máa sọ̀kalẹ̀ o. Àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀."

Ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo so okùn bàtà mi padà, mo sọ̀kalẹ̀.