Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Gé Àgbàdo Kuhlmann

Ní Tolney, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, bí àìsàn bá dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ nígbà ìkórè, gbogbo ìlú ni yóò wá bá a kó àgbàdo rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ni yóò kọ́kọ́ gé. Ẹnikẹ́ni kì í gé ṣáájú rẹ̀.

Ní 1945, bàbá bàbá mi, Kuhlmann àgbà, já bọ́ láti orí àká. Àwọn ará ìlú dúró de Tveit, aládùúgbò wa tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, títí oòrùn fi wọ̀. Kò yọjú. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín bo àgbàdo náà mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Wọ́n yọ mí kúrò nílé ìwé kí n lè ṣiṣẹ́ oko, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá mi kò kí Tveit kankan títí ó fi kú. Èmi náà kò kí wọn.

Nígbà tí egungun ìbàdí mi kán ní 1998, mo ní kí Arlene ọmọ mi pe gbogbo ilé àyàfi ilé Tveit. Ẹ̀rọ ìkórè méje ló dé. Wọ́n tò wọ́n sí etí oko, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì wọn. Rédíò ti ní yìnyín ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàdo yẹn nìkan la sì ní.

Mo ṣí fèrèsé. "Kí lẹ ń wò?"

"Tveit là ń dúró dè," Orville alágbẹ̀dẹ dáhùn. "Àbí ọ̀pá ọwọ́ rẹ lo fẹ́ fi gé e?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìdajì wákàtí kọjá kí n tó lè sọ fún Arlene pé, "Lọ pè é."

Marit, ọmọ ọmọ Tveit tí kò yọjú ní 1945, gun ẹ̀rọ rẹ̀ wá sábẹ́ fèrèsé mi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Arlene."

"Kí ló dé tí bàbá bàbá rẹ ò wá?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ṣé kí n gé e, àbí kí n máa lọlé?"

"Gé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúpẹ́ o."

"Ta ló tọrọ ọpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Ó gé ìlà àkọ́kọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ ní agogo márùn-ún, orí ilẹ̀ òfìfo ló ń bọ́ sí. Arlene gbé ẹran àti ọ̀dùnkún lọ bá Marit. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé iyọ̀ pọ̀ jù. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ pọ̀ lóòótọ́. Mo ní kí Arlene lọ sọ fún un pé kò pọ̀.