Èsìsì Kì Í Rìn Wọlé

…mi ò ní gbé e jáde. Omi lásán! Màá gbé e — kí ni mo fẹ́ ṣe? "Ìyàwó, omi dà?" Ìwàlẹwà nìyẹn, àbúrò ọkọ mi, ní pálọ̀ mi ní Ìgbónà níbí. Ọmọ tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Iléṣà! Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé wọn kí n tó wọlé ọkọ, ọkọ mi lòun náà nìyẹn. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Mo sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Mo mọ àṣà o. Àwọn ìyàwó yòókù náà ń ṣe é. Àwọn ọkọ wọn kéékèèké a ní, "Ẹ dìde, mà." Tèmi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Á máa wò mí títí orúnkún mi á fi kanlẹ̀.

Nettle… Lánàá, ọmọ kan bi mí ní kíláàsì pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní kí èèyàn máa tọ́ ẹnì kejì níjà ni, kí ara máa ta á. Mo ní ara ewé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ewé onírun wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀ òyìnbó, bí èsìsì tiwa. O kàn fara kàn án, ó ti jó ọ.

Adéyọrí, ọkọ mi, ní bí mo bá tún bá àbúrò òun fa ọ̀rọ̀, kí n kẹ́rù mi padà sílé bàbá mi. "Eré ló ń bá ọ ṣe." Eré!

Ṣùgbọ́n… èsìsì kì í rìn. Ibi tó hù sí ló ń wà. Bó bá jóni nínú yàrá, ẹnì kan ló ká a wọlé. Láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ — ta ló ń pè é wá?

Nígbà Àjíǹde, mo sìn ín dé gáréèjì. Ó di ọwọ́ mi mú, kò lè wo ojú mi. "Ẹ má bínú, mà. Bọ̀dá mi ni wọ́n ní ẹ ti ń gbéra ga, pé kí n máa rán yín létí ipò yín." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo pè é ní òpùrọ́.

Ẹ̀rín ń dún ní pálọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń… rárá. Ohùn kan ni. Ti Adéyọrí ni. Ìyà tó ń jẹ mí yìí, òun ló ń fi ṣe fàájì.