Eṣinṣin Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ní gbogbo àfonífojì odò Garvan, kò sí ẹni tí í bá Marsaili Geddes jiyàn lórí ọ̀rọ̀ eṣinṣin omi. Bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ́ àwọn àlejò apẹja sọ́nà lórí odò náà kí ó tó kú. Marsaili ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe é níbẹ̀, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí eṣinṣin yọ, wákàtí tí ó yọ, ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́ wá, bí omi ti tutù tó. Bí ó bá sọ fún àwọn àlejò pé, "Lónìí, ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá," wọn a máa wo aago ọwọ́ wọn bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin a máa pẹ́. Eṣinṣin Marsaili kì í pẹ́.

Eṣinṣin tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí í bà lé ẹran o. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń gbé abẹ́ òkúta ní ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí òtútù bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, yóò gòkè wá sójú omi ní ọ̀sán gangan, yóò na ìyẹ́ rẹ̀ tí ó dà bí ewé gbígbẹ, yóò sì fò lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lóòjọ́. Láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyí ni ẹja tíráòtù, tí ebi ti ń pa láti ìgbà òtútù, á gbàgbé ọgbọ́n orí rẹ̀. Apẹja tí ó bá wà níbẹ̀ á rí ìtàn sọ fún ọmọ. Èyí tí ó bá ti lọ jẹun, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, Marsaili lọ kí Fearchar, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Fearchar ni ó kọ́ ọ bí a ti ń so irun ehoro àti ìyẹ́ àparò mọ́ ìwọ̀ títí ẹja yóò fi gbà pé eṣinṣin ni. Ṣùgbọ́n Fearchar ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà òtútù tí ó kọjá, dókítà sì ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Struan, ọmọ rẹ̀, ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá mú un lọ sí Glasgow, kí ó lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé kò ní padà.

"Marsaili, gbé mi lọ sí Ibú Afárá lọ́la," ni bàbá náà wí, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tán. "Mi ò ní wọnú omi. Gbé àga kan sétí odò fún mi, kí n rí àwọn eṣinṣin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá ju okùn ìwọ̀ sómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ó tó mi."

Marsaili lọ síbi fèrèsé. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìyẹ́ àwọn adìyẹ ìta sẹ́yìn.

"Lọ́la kọ́, Bàbá. Atẹ́gùn ìlà-oòrùn nìyí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bó bá ti ibẹ̀ wá, ẹja ò ní lanu."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ó wà lákọsílẹ̀."

"Hẹn-ẹn. Ẹni tó bá ń bá akọ̀wé gbé, kó máa ṣọ́ ẹnu ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Ṣùgbọ́n mo ti rí i rí o, tí wọ́n yọ nínú yìnyín."

"Ẹ jẹ́ ká dúró di Ọjọ́bọ̀. Atẹ́gùn á yí sí gúúsù lọ́jọ́rú, ara á móoru, wọn á sì tú jáde bí ìgbà tí ìrọ̀rí bá ya. Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé yín jókòó sínú òtútù kẹ́ ẹ máa wo omi òfìfo?"

Fearchar wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Ìfẹ́ ni ó mú Marsaili sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fún bàbá náà ní ọjọ́ tí ó pé, ọjọ́ tí yóò gbé lọ sí Glasgow nínú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ìfẹ́ náà tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ tú wò: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí afárá kọjá kí ó sì rí Marsaili Geddes létí odò ní ọjọ́ tí kò dára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, Wilma apínlẹ́tà wa ọkọ̀ pupa rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Oníwèé! Níbo lẹ wà lánàá?"

"Ilé ni mo wà."

"Ilé! Àwọn ènìyàn yín wá kí yín, wọn ò bá yín níbẹ̀." Wilma fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀. "Aago méjìlá ààbọ̀ ni mo dórí afárá. Mo rí nǹkan tó ń fò lójú omi, mo ní ewé ni. Ewé wo lóṣù kẹrin, tí igi ṣì wà níhòòhò? Àṣé eṣinṣin yín ni! Wọ́n bo omi pátápátá. Ẹja ń dìde lọ́tùn-ún, ẹja ń dìde lósì, odò ń hó bí ìkòkò orí iná. Mo paná ọkọ̀, mo jókòó wò ó títí ó fi tán. Àwọn ará òkè bú mi pé lẹ́tà wọn pẹ́."

"Nínú atẹ́gùn ìlà-oòrùn?"

"Ta ló bi wọ́n léèrè atẹ́gùn? Bóyá wọn ò tíì ka ìwé yín ni."

Marsaili rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá bá Wilma rẹ́rìn-ín ni Wilma yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri títí oṣù yóò fi parí. Nígbà tí ọkọ̀ pupa náà lọ tán, ó gbójú sókè. Atẹ́gùn ti yí sí gúúsù gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ yóò san gbogbo rẹ̀ padà.

Ojú ọ̀run ni ó wò. Kò wo orí òkè. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ni yìnyín tuntun já bọ́ sórí òkè Beinn Liath, ó sì nípọn títí dé ibi tí àwọn àgùntàn ti ń jẹko. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àfonífojì náà mọ̀ pé bí atẹ́gùn tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá bà lé yìnyín tuntun, yóò yọ́, odò ni yóò sì gbà á. Bàbá Marsaili a máa wí pé kí á kí òkè ní àárọ̀ kí á tó kí ọ̀run. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbọ́ ohùn odò kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Òkúta fífẹ̀ tí ó wà nínú Ibú Afárá ti rì, igi tí ó tẹ̀ sómi ti wọ omi dé ọrùn, omi náà sì ní àwọ̀ eérú, ó tutù débi pé ó ń ro egungun ọwọ́. Nínú irú omi yìnyín bẹ́ẹ̀, kò sí eṣinṣin tí yóò gòkè, kò sì sí etí odò mọ́ tí a lè gbé àga kalẹ̀ sí.

Nígbà tí Marsaili dé ilé Fearchar, bàbá náà ti wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá iná, kò bọ́ ọ.

"Mo ti gbọ́ ọ láti orí ibùsùn," ni ó wí. "Yìnyín."

"Yìnyín ni, Bàbá."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la náà, bákan náà ni."

Marsaili gbé ife tíì tí ó fún un kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí adágún lọ́la."

"Loch Dorch? Nísinsìnyí?" Bàbá náà wò ó bí ẹni wo ọmọ tí ibà ń ṣe. "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí eṣinṣin adágún tó jí. Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ká lọ ṣí aṣọ lára wọn?"

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣáà lọ."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, ní ọjọ́ Ẹtì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Marsaili gbé ọkọ̀ ojú omi jáde ní ọjọ́ tí ó mọ̀ dájú pé kò dára. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé Fearchar, ó gbé ọbẹ̀ ọkà báálì sínú fúláàsì, ó sì tukọ̀ dé ẹnu ihò òkè níbi tí atẹ́gùn kò ti pọ̀. Fearchar ju okùn. Ọwọ́ tí ó máa ń tẹ́ okùn sójú omi bí òwú aláǹtakùn kò lágbára bíi ti àtijọ́ mọ́. Okùn náà já sómi ní òkìtì. Ó fà á, ó tún un jù. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó lọ tààrà, ó gùn, ó bà lé omi láìdún, àwọn méjèèjì sì ń wò ó níbi tí ó sùn sí lórí omi tí kò sí ohun kan nínú rẹ̀.

"Marsaili," ni bàbá náà wí, orí ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ni ó ń wò, "lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ṣé wọ́n yọ?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá tú u jáde, ó gbọ́dọ̀ sọ pé òun ni òun gbé ọjọ́ náà sọnù, pé ìwé òun ṣì í, pé bàbá náà ni ó tọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àánú ni, pé kò sí ìdí láti fi ọgbẹ́ rán arúgbó lọ sí ìlú àjèjì.

"Rárá o, Bàbá. Atẹ́gùn yẹn ò jẹ́."

Fearchar mi orí. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí ó rò pé ọ̀rọ̀ kù. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀.

"Ó dáa. Gbé mi lọ sílé. Òtútù ń mú mi."

Aago kan kò tíì lù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Struan kó àpótí mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì de bàbá rẹ̀ mọ́ ìjókòó, ó sì ṣáná sí i. Marsaili kò sùn dáadáa. Ó tẹ̀ síbi fèrèsé ọkọ̀ náà.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Wọ́n yọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wilma rí wọn."

"Mo mọ̀," ni Fearchar wí. "Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ló ti wá sọ fún mi. Lẹ́tà dókítà ló mú wá."

"Ẹ ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bi mí?"

"Mo ti mọ̀."

Marsaili dúró kí bàbá náà wí pé kò burú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ibẹ̀ í wí, ì báà jẹ́ lẹ́bàá ibojì. Fearchar kò wí bẹ́ẹ̀.

"Ó dùn mí pé mi ò rí wọn, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ò ṣi atẹ́gùn kà rí? Mo ti ṣì í kà, bàbá ẹ ṣì í kà jù mí lọ. Ti inú ọkọ̀ ojú omi ló dùn mí jù. Wilma ò mọ eṣinṣin yàtọ̀ sí ewé. Eegun ìtàn ló fún mi. Ìwọ ni mo ń retí kó o fi ẹran sí i. Ká ní o sọ ọ́ ni, ǹ bá bú ẹ, ò bá bú mi padà, à bá fi gbogbo ọ̀sán yẹn fẹnu pa àwọn ẹja náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán kan ló kù fún wa, Marsaili."

Marsaili di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú. "Ibi òkúta fífẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá, níbi tí omi ti ń rọ̀," ni ó bẹ̀rẹ̀, ó ń sáré sọ ọ́. "Àwọn kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Àgbà tó wà lábẹ́ igi yẹn á dúró ná, á—"

Fearchar ti na etí síwájú. Ṣùgbọ́n Struan, ẹni tí ó gbà pé atẹ́gùn ni yóò pa bàbá òun, ti tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, àyà wọn ò gba òtútù. Ẹ ó bá wọn sọ ìyókù lórí fóònù."

Ọdún kẹta nìyí tí etí Fearchar kò ti gbọ́ ohùn orí fóònù mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó mọ̀. Ọkọ̀ náà gba ẹnu géètì jáde, ó yà sí ọ̀nà gúúsù.

Lẹ́tà ṣì wà, lóòótọ́. Marsaili jókòó kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ojú ìwé mẹ́fà, kò fi òkúta kan tàbí ẹja kan pamọ́. Ó dára ní kíkà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni, kì í sì í lu orúnkún kí ó wí pé, "Irọ́ lò ń pa, ọmọ yìí, kì í ṣe abẹ́ igi yẹn rárá."