Bọ́ọ̀lù Success

Ṣàkà-ṣàkà-ṣàkà. Bọ́ọ̀lù náà tún ti ń yí nínú pálọ̀. Àbẹ̀kẹ́ fi ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀, ó na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ológbò funfun fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ tábìlì, ó pọ wóró kékeré kan jáde. Ológbò he é jẹ, ó tún gbá a.

"Ẹ gbà mí o! Kí ni wọ́n kó sínú nǹkan yìí gan-an?"

Gbénró ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Damaris, ìyàwó Gbénró, náà ti lọ, ó sì ti ti géètì irin ẹnu ọ̀nà láti ìta bó ṣe máa ń ṣe. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ní Kétu, ìyá àgbà àti ológbò nìkan ló kù.

Omi ló gbé ìyá débẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, létí odò lọ́nà Òwódé Onírin lọ́hùn-ún, omi wọ yàrá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, ó ba àpò ẹ̀gúsí tó ń tà jẹ́. Gbénró ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ilẹ̀ ti gbẹ tipẹ́! Àwọn ará àdúgbò ti padà, wọ́n ti ń kun ilé wọn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ Ajégúnlẹ̀ báyìí, Gbénró á ní, "Mummy, ẹ ní sùúrù." Torí pé ìyá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ní Ìkòsí, tí ọlọ́kadà kan sì gbé e wálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré o! Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ ti di ti Damaris.

Ká má parọ́, ọkàn Àbẹ̀kẹ́ kò balẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. Ta ló ń sọ ológbò ní Success? Success ta ni? Àbí àṣeyọrí Gbénró ni wọ́n gbé kọ́ ẹranko lọ́rùn ni? Láràárọ̀, Damaris á kúnlẹ̀ ti ológbò, á máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á ṣí ikùn bọ́ọ̀lù, á da nǹkan sí i, á sì dé e pa. Lẹ́yìn náà ló máa gbé àtẹ ẹ̀gúsí wá síwájú ìyá. "Mummy, oníbàárà mi yẹn ní kí ẹ tún bá òun bó eléyìí. Ó ní ọwọ́ yín dára gan-an." Á sì jáde.

Ẹ̀gúsí yẹn nìkan ló ń tu Àbẹ̀kẹ́ nínú. Bí ẹnìkan bá ṣì ń wá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ káàkiri, a jẹ́ pé kò tíì di ẹrù sọ́rùn ọmọ. Oníbàárà yẹn ló fẹ́ fi bá Gbénró jà nígbà tó bá yá: ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lè dá gbé.

Ó pe Màríyámọ̀, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ ní Ajégúnlẹ̀, lórí fóònù.

"Bọ́ọ̀lù yẹn tún ń yí o."

"Ẹ ò tíì wo inú ẹ̀ ni?" Màríyámọ̀ pariwo. "Ìyá Gbénró, ológbò tí kì í pa eku, kí ló ń pa? Ẹ ṣí i kí ẹ fojú yín rí i!"

Àbẹ̀kẹ́ mú ìgbálẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké, ó bú u. Success rí ìgbálẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó di inú yàrá Damaris, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ yàrá yẹn rí. Ìyá ọkọ tó bá ń tú yàrá ìyàwó, ìjà ló ń wá. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìgbálẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀rá ló wọ́ jáde, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gúsí bíbó ló kún inú rẹ̀. Àgékù ìró kan ni wọ́n fi so ó lẹ́nu, ìró tirẹ̀, aláwọ̀ aró, èyí tó ti gbó, tí òun fúnra rẹ̀ fà ya láti máa fi so ẹ̀gúsí oníbàárà. Ó wọ́ òmíràn jáde. Ó tún wọ́ òmíràn. Gbogbo èyí tó ti bó látìgbà tó ti dé ilé yìí ló wà níbẹ̀, kòkòrò sì ti ń jẹ àwọn tó ti pẹ́.

Kò sí oníbàárà kankan.

Inú bí i, ó la ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èmi! Èmi Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tàn bí ọmọdé!" Bọ́ọ̀lù rọra yí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e, ó fi agídí ṣí i. Oúnjẹ ológbò ló wà nínú rẹ̀, wóró wóró, tó ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Kò sí nǹkan mìíràn. Oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú síbi tó ṣòro, kí ológbò lè máa lé e kiri títí onílé á fi dé.

Ó wo bọ́ọ̀lù. Ó wo àwọn ọ̀rá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tó yá, ó da gbogbo oúnjẹ náà sílẹ̀. "Gbà, jẹun. Ìwọ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni."

Success jẹ ẹ́ tán kíá. Ó gbá bọ́ọ̀lù òfìfo, kò dún. Ó tún gbá a. Ó lọ jókòó lójú fèrèsé, ó wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń lọ nísàlẹ̀, ó wá bojú wo Àbẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké, ó ké. Àbẹ̀kẹ́ náà jókòó láìfọwọ́ kan nǹkan. Orúnkún tí kì í rántí bó bá ń bó ẹ̀gúsí wá ń ro ó wọ eegun. Ọ̀sán ọjọ́ náà kọ̀, kò lọ.

Nígbẹ̀yìn ó dìde. Ó ti àwọn ọ̀rá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bu oúnjẹ sínú bọ́ọ̀lù, ó dé e, ó sì yí i sí ológbò. Ṣàkà-ṣàkà. Òun náà fa àtẹ ẹ̀gúsí mọ́ra, ó ń bó o lọ.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, géètì dún. Damaris wọlé pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí tuntun léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó láti orí àtẹ̀gùn. Àbẹ̀kẹ́ kò rò ó rí pé ẹnìkan ló ń ru ú gun òkè.

"Mummy, ẹ kú ilé. Oníbàárà yẹn tún ní..."

"Bá mi kí i," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ó ṣeun. Ó mà ń gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kí n tó bó eléyìí, kọ́kọ́rọ́ géètì ni kó fi san owó iṣẹ́ fún mi."

Damaris bojú wo ọ̀nà yàrá. Ó rọra sọ àpò kalẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé kò rí i rí.

"Ẹ má bínú, Mummy."

Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ sí i. Èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.