Òòlù Tí Ọmọ Méje Jí

Káfíńtà àgbà náà kì í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kátékísìmù tí obìnrin náà fi sílẹ̀, àwọn mẹ́jọ, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Rí i pé àwọn ọmọ mi gba Ara Olúwa," lọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á ku ọ̀la, ọjọ́ Sọ́ńdè. Fadá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò tíì kùn ló máa ń jókòó sí bíi Fadá láti kọ́ wọn ní ìjẹ́wọ́. Kò fẹ́ gbọ́ àṣírí ọmọ ọlọ́mọ, ló bá fún wọn ní ẹ̀ṣẹ̀ àpẹẹrẹ: "Fadá, ẹ súre fún mi, mo ti ṣẹ̀. Mo jí òòlù." Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń fi ẹnu jí òòlù.

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, àwọn ọmọ lọ jẹ́wọ́ fún Fadá. Káfíńtà ń fá pákó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò tíì fá ẹyọ kan tán tí Agogo, ọmọ tí ohùn rẹ̀ le jù nínú wọn, fi já wọlé, tó gbé òòlù lórí tábìlì, tó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Bàbá. Mo ti dá a padà."

"Kí lo dá padà?"

"Òòlù tí mo jí! Fadá ní kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Ìkejì ti dé. Ó já òòlù gbà, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún gbé e, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìkẹta ń bọ̀, ìkẹrin ń tì í.

"Gbé e sílẹ̀, kí èmi náà lè dá a padà!"

"Ìwọ ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, olè!"

Orí káfíńtà gbóná. "Ta ló jí òòlù nínú yín?"

"Kò sí o!"

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún Fadá?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa!"

Bíńtín, tó kéré jù, kò bá wọn tò. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì kékeré kan nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Tèmi kì í ṣe òòlù. Ṣọ́ọ̀kì Màmá ni. Mo jí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa kẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n á máa wá a títí, wọn ò ní lè lọ sílé."

Ó fi í lé káfíńtà lọ́wọ́: òòlù wà lọ́wọ́ kan, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ kejì. Káfíńtà rò pé ẹkún ló ń bọ̀. Ẹ̀rín ló bú jáde. Ó rín in títí èérún pákó fi ń já bọ́ lára irùngbọ̀n rẹ̀.

Agogo ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tiwa gan-an ló yẹ ká sọ ni?"

"Tiyín gan-an."

"Háà! Tèmi pọ̀ o!"

"Kò lè pọ̀ tó tèmi!"

Wọ́n tú jáde padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ti ara wọn. Fadá ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ó rí wọn, ó padà lọ jókòó láti gbọ́ ìjẹ́wọ́.

Káfíńtà tò sẹ́yìn Bíńtín, tó ní ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan tí òun gbàgbé. Káfíńtà fúnra rẹ̀ kò tíì jẹ́wọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Bíńtín bojú wẹ̀yìn, ó rí òòlù tí káfíńtà ṣì dì mọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti òòlù o. Fadá ti gbọ́ ọ tó."