Òṣùpá Tí Bàbá Kùn

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa parí gbígba àwòrán fún ìdíje kan, Ayàwòrán dúró nídìí tábìlì ìjẹun, inú ń bí i gidigidi. Àwọn ará ilé ló sọ ọ́ ní Ayàwòrán. Ẹ̀yìn káńtà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ya àwòrán mẹ́ta tí wọ́n ní kí olúkúlùkù mú wá. Ìgbín tó pọn ilé alájà méjì, tí iná ń tàn lójú fèrèsé rẹ̀. Àwọn ẹja tó tò sórí ìlà pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́, tí wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Ewúrẹ́ tó ń sá ìkùukùu sórí okùn bí ẹni ń sá aṣọ, lábẹ́ òṣùpá ràbàtà.

Òun fúnra rẹ̀ kò fi búrọ́ọ̀ṣì kan òṣùpá yẹn rárá. Bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀dà olómi nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ á fi bébà sílẹ̀ ní funfun, á wá kun gbogbo àyíká rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùpá ti ń dán gbinrin báyìí. Ọ̀dà ilẹ̀kùn ni wọ́n fi kùn ún, ó ki pọ̀pọ̀, ó sì ti mú kí bébà náà súnkì. Ìwé òfin ìdíje sì sọ ọ́ kedere pé àwòrán tí ọ̀dà mìíràn yàtọ̀ sí olómi bá kàn, wọn ò ní gbà á.

Kò nílò láti béèrè ẹni tó ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ ti ń kun ilé onílé, Kò-Ṣẹ́kù sì ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí kì í kúrò nídìí ògiri tó bá ku ibì kan tí ọ̀dà ò dé. Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí Ayàwòrán tẹ́ àwọn àwòrán náà kí gbogbo ilé wò ó, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí àwọn ẹja náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wo ewúrẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó na ìka sí òṣùpá funfun, ó ní, "Ibí yìí ńkọ́?" Ayàwòrán rò pé ó ń ṣàwàdà ni, ó kàn rẹ́rìn-ín.

"Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí báyìí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. "Mo ní kí n bá ẹ parí ẹ̀ kó o tó jí."

"Bàbá mi, ó ti parí tẹ́lẹ̀."

"Pẹ̀lú ojú funfun gbàǹgbà yẹn? Ta ló máa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni, sà. Bébà yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Ẹ ti kùn ún pa."

Bàbá wo òṣùpá, ó wo èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ tí ọ̀dà funfun ṣì wà lára rẹ̀. "Ṣé kí n fi ọ̀bẹ rọra ha á?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò lè pariwo mọ́ ọn. Ká ní àbúrò rẹ̀ ni, ì bá ti lé e yí ilé ká. Ṣé bàbá ẹni lèèyàn fẹ́ lé ni? Ó gbé ìbínú mì, ó lẹ bébà tuntun mọ́ pákó, ó sì rẹ ẹ́ lómi.

Ewúrẹ́ kò wá sí i lọ́kàn mọ́. Ohun tó jáde ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú òkun, tó ń kun òṣùpá. Apá kan òṣùpá ti di búlúù, apá kejì sì jẹ́ bébà lásán. Bàbá jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń pààrọ̀ omi búrọ́ọ̀ṣì fún un. Nígbà tó yá, ó la ẹnu, ojú rẹ̀ wà lára apá funfun yẹn. Ó pa ẹnu dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tí òun àti Bàbá dé ọ́fíìsì ìdíje. Akọ̀wé tó ń gba àwòrán yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró sórí ẹ̀kẹta. "Ẹ ò tíì parí eléyìí. Àyè ṣì wà, ẹ lè jókòó síbẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ kun ìyókù."

Bàbá gbẹnu lé e kí Ayàwòrán tó fọhùn. "Ó ti parí, màdáàmù. Ìmọ́lẹ̀ nibẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ayàwòrán fọwọ́ síwèé. Inú ṣì ń bí i nítorí ewúrẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó máa bínú sí mọ́. Bàbá ṣáà ti bi òun léèrè nípa òṣùpá yẹn lánàá, ẹ̀rín ni òun fi dá a lóhùn.