Ìwé Tí Ìparí Rẹ̀ Dorí Kodò

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ìwé lórí fóònù. Ó ní ọjà kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìsọ̀, tí kò ní òrùlé. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ tà, á ya àwòrán rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i nídìí, á sì fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, bàtà ọmọdé wà níbẹ̀. Èmi kì í wo ìyẹn. Ìwé ni mò ń wò, tuntun àti àlòkù, pàápàá àlòkù, nítorí ẹyọ kan péré ni mò ń wá nínú gbogbo wọn.

Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi, kó tó di olóògbé, a máa tún rédíò ṣe. Yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, èmi lẹ́bàá fèrèsé, òun lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ oníbàárà bá ti dá lọ́sàn-án, á nu ọwọ́ rẹ̀, á mú ìwé, á sì máa kà á sí mi létí. Mi ò mọ̀ọ́kọ, mi ò mọ̀ọ́kà nígbà náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn atukọ̀ kan tó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ létí odò, tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun ń lọ lò, tí kò sì padà fún ọdún mọ́kànlá. Á tó ìgbà mẹ́fà tàbí méje tó kà á fún mi. Níparí, atukọ̀ náà padà wálé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀, kò sì gbójú sókè títí tí ọkọ fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìwé náà tú lọ́jọ́ kan. Mo ní kó gbé e wá, pé ohun tó bá ya, ì báà ṣe aṣọ, ì báà ṣe ìwé, iṣẹ́ mi ni. Mo mú abẹ́rẹ́ tó nípọn àti òwú àwọ̀ ewé, mo rán an mọ́ra. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò mọ orí lẹ́tà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, mo ti rán apá ìkẹyìn dorí kodò. Ọkọ mi gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Aránṣọ mi, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ o." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ka ìtàn náà dé ìparí, á dorí ìwé kodò, á sì máa kà á lọ. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ka ìparí ìwé nìyẹn.

Nígbà tó kú tí mo ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi, mo kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ra bébà àtijọ́. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹnu tó ń kà wọ́n ti dákẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Lọ́jọ́ tí a ń ka ìwé wa àkọ́kọ́ parí, bí mo ti ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, mo dà á dorí kodò.

Tíṣà wa, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, dúró tì mí. "Màmá, ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Rárá, Tíṣà. Ìparí ni mo dé."

Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì. Alápatà tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá náà forí sọlẹ̀, kó lè bá ìwé mu!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rán an ni mo ti ba ìwé ọkọ mi jẹ́, kò sì fi hàn mí rí.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìtàn atukọ̀ náà. Ó rí tuntun rà lórí fóònù, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kà á, ìka mi lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo dé ìparí, atukọ̀ kò dé. Ìyàwó di arúgbó létí odò, àjèjì kan mú fìlà ọkọ rẹ̀ wá fún un, ó tán. Mo ṣí ojú ìwé náà sódì kejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Bóyá wọ́n yí i padà ni, Màámi," ni ọmọ mi wí. "Wọ́n máa ń tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Bí ìwé àtijọ́ yẹn bá ní ìparí tèmi, a jẹ́ pé ohun tí ọkọ mi kà fún mi wà ní kíkọ, mo sì lè jókòó kà á nígbàkúùgbà, kí n tún gbọ́ ọ. Bí kò bá ní in ńkọ́? Mi ò fẹ́ ronú dé ibẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń tà á. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò sí ọlọ́jà tí í sọ pé ọjà òun ní àbùkù.

"Ọmọ mi, ṣé ìparí rẹ̀ dorí kodò?"

"Ká má rí i, mà! Ìwé mi pé pérépéré ni."

"Á jẹ́ pé òun kọ́ nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ ná, ṣé àbùkù lẹ fẹ́ rà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Òmíràn ní bí mo bá fẹ́, òun lè bá mi dà á dorí kodò kóun tó fi ránṣẹ́.

Nínú oṣù kẹjọ tí mo ti ń wá a ni mo rí i. Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo kà á: "Ìtàn atukọ̀. Àlòkù. Wọ́n fi òwú àwọ̀ ewé rán an. Ìparí rẹ̀ dorí kodò. Ẹni tí kò bá lè fara dà á kó má yọ mí lẹ́nu." Ìdúró ni mo wà tí mo fi pè é.

Bàbá afìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń tà á, mo sì lọ bá a nílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, páálí ìwé kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń tà wọ́n.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra aláìsàn yìí?" ló wí, ó sì nà án sí mi.

Mo rí òwú mi. Mo rí bí ojú abẹ́rẹ́ ṣe jìnnà síra wọn.

"Ẹ bá mi ka ìparí yẹn sókè, àbúrò. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rí i kà gbẹ̀yìn," ni bàbá náà wí.

Mo dorí ìwé kodò, mo kà á. Ìyàwó di arúgbó. Àjèjì mú fìlà wá. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀ sí ti tuntun. Mo wo etí ìwé bóyá ọkọ mi kọ nǹkan síbẹ̀. Kò kọ nǹkan kan.

"Ìparí yẹn ò bá mi lára mu rí," ni bàbá náà wí. "Ogójì ọdún ni mo fi pín lẹ́tà. Mo mọ bí ẹni tó ń retí ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ ọ́ ò láàánú."

"Bó ṣe parí kọ́ nìyẹn, Bàbá."

"Ẹ̀yin lẹ sì kà á tán báyìí!"

Mo wá sọ ìparí tí ọkọ mi máa ń kà fún mi. Mo sọ òwúrọ̀ náà, bí atukọ̀ ṣe ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, bó ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn tó sọ̀rọ̀ kan, tí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó.

"Kí ló sọ?"

Ọkọ mi máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá dé ibẹ̀ yẹn. Èmi kì í sì í dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró, nítorí aṣọ olóhun máa ń wà nílẹ̀. Mo máa ń wí lọ́kàn mi pé màá gbọ́ ọ nígbà tó bá tún un kà.

"Mi ò gbọ́ ọ, Bàbá."

Ó fọwọ́ wá àga kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ jókòó. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ẹ rọra máa sọ ọ́, bóyá ẹ ó gbọ́ ọ."

Mo pa ìwé náà dé sórí itan mi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.